Àkọtọ́ Méjì Nínú Ètò Ẹ̀kọ́ Kan

Olùkọ́ mọ̀-ọ́n-kọ-mọ̀-ọ́n-kà tí ó bá ń wá ìwé kíkà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún kíláàsì rẹ̀ ní Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́, àkọtọ́ Nàìjíríà ni yóò máa bá pàdé jù lọ. Ìtàn ni ó fà á. Ní 1875, àwọn míṣọ́nnárì CMS pàdé ní Èkó lórí bí a ó ti máa kọ Yorùbá. Lẹ́tà alámì-abẹ́, ẹ, ọ àti ṣ, sì fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ní 1975, ọgọ́rùn-ún ọdún géérégé lẹ́yìn náà, Ìgbìmọ̀ Èdè ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí gbé álífábẹ́ẹ̀tì kan kalẹ̀ fún gbogbo èdè ibẹ̀: ɛ, ɔ, sh, kp. A tún un yẹ̀ wò ní 1990 àti 2008. Àǹfààní rẹ̀ yé ni: ẹni tí ó mọ Fọ̀n kà kò ní ṣòro láti kà Nàgó. Ṣùgbọ́n ó sọ wá di àlejò nínú ìwé àwọn ìbátan wa.

Kí ìwé tó wọ kíláàsì, olùkọ́ ní láti tún un kọ: «ọṣẹ» di «ɔshɛ», «pípa» di «kpíkpa». Ẹ̀rọ lè ṣe èyí, bí àmì bá pé. Ọ̀pọ̀ ohun tí a ń rí níbẹ̀ ni kò ní àmì rárá. «Oko» lásán lè jẹ́ oko, ọkọ tàbí ọkọ̀, etí olùkọ́ nìkan ni yóò yàn án. Ọmọ Kétu tí ń ná ọjà Ìmẹ̀kọ kò sì lè máa dúró de atúnkọ. Èrò tèmi ni pé kí á fi àkọtọ́ méjèèjì han akẹ́kọ̀ọ́ láti oṣù kejì, kí á má ṣe fi í dúró de ìgbà ìwé-ẹ̀rí.