Tenkara: Ọ̀pá ìpẹja tó ń wọnú ara rẹ̀, tí wọ́n ń gbé gun òkè lọ pẹja trout

Ẹ rántí ẹ́ríàlì rédíò, èyí tí a máa ń fà gùn nígbà tí stéṣọ̀n ò bá wọlé dáadáa, tí a ó sì tì padà nígbà tí a bá gbọ́ ìròyìn tán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe ṣe ọ̀pá ìpẹja tí wọ́n ń pè ní tenkara. Bí wọ́n bá fà á gùn, ó máa ń tó mítà 3.3 sí mítà 4. Bí wọ́n bá tì í padà, kì í sábà ju 50 sí 60 sẹ̀ǹtímítà lọ, ó sì lè wọ ẹ̀gbẹ́ àpò ẹ̀yìn láìdí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Púpọ̀ nínú wọn ò ju 100 gíráàmù lọ. Fóònù ọwọ́ yín ṣeé ṣe kó wúwo jù ú lọ.

Japan ni wọ́n ti mú un wá. Ṣùgbọ́n láti bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn, àwọn tó ń fẹsẹ̀ rin òkè l'Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ti gbà á mọ́ra gan-an, pàápàá àwọn tó ń wá ẹja trout.

Ẹja trout kì í gbé inú omi gbígbóná. Omi tútù tó mọ́, tó ń sáré láàrin òkúta, ni ilé rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi lè rí i nínú odò Ọ̀ṣun tàbí odò Ògùn. Ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà, àwọn òkè gíga tó tutù, bíi Òkè Kenya àti òkè Drakensberg ní South Africa, ni àwọn òyìnbó gbé e lọ sí láyé ìjọba amúnisìn. Ní Amẹ́ríkà, lórí àwọn òkè Rocky, odò tó dára jù lè wà níbi tí mọ́tò ò dé rárá, ìrìn ọjọ́ kan tàbí ọjọ́ méjì. Ẹni tó bá ń lọ ibẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló máa gbé àgọ́, oúnjẹ, ìkòkò àti aṣọ òtútù sẹ́yìn. Ẹrù tó dà bíi pé kò wúwo nílé, tó bá di orí òkè, á di nǹkan míì.

Kí ló mú kó fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Kì í ṣe pé wọ́n kàn fi kábọ̀n ṣe é. Ọ̀pá tí àwọn òyìnbó fi ń pẹja trout láti ọjọ́ pípẹ́ ní ríìlì, ìyẹn kẹ̀kẹ́ kékeré tí wọ́n ń ká okùn mọ́. Ó ní àwọn òrùka tí okùn ń gbà kọjá lára ọ̀pá. Ó sì ní okùn nínípọn tó lè tó mítà 25 sí 30. Tenkara ò ní ríìlì, kò sì ní òrùka. Ṣóńṣó ọ̀pá gan-an ni wọ́n so okùn mọ́. Ẹni tó bá dàgbà sí ẹ̀bá odò nílẹ̀ wa á ti mọ irú ẹ̀: ọparun, okùn, ìwọ̀, ó parí. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ekòló ni àwọn ọmọ wa máa ń fi sẹ́nu ìwọ̀, àmọ́ ti tenkara, ìwọ̀ kékeré tí wọ́n fi òwú àti ìyẹ́ wé ni, kó lè jọ kòkòrò. Kebari ni àwọn ará Japan ń pè é. Irú èyí tó gbajúmọ̀ jù, wọ́n yí ìyẹ́ rẹ̀ síwájú dípò ẹ̀yìn, tó fi jẹ́ pé bí ẹ bá fa okùn díẹ̀díẹ̀, ìyẹ́ náà á máa ṣí, á máa pa dé, bí ẹsẹ̀ kòkòrò tó ń jà kó má rì.

Odò orí òkè ò ṣàn lọ́nà kan náà. Níbì kan ó ń sáré, lẹ́yìn òkúta ó rọra ń yí po. Ẹ̀yìn òkúta yẹn ni trout máa ń dúró sí, kó má baà lo agbára rẹ̀ dànù, á wá máa wo oúnjẹ tí omi tó ń sáré ń gbé kọjá. Bí ẹ bá ju okùn nínípọn síbẹ̀, okùn náà á bọ́ sórí omi tó ń sáré, omi á gbá a lọ, á sì wọ́ kòkòrò àtọwọ́dá yín tẹ̀ lé e. Kòkòrò wo ló ń sáré la orí omi kọjá bí ọkọ̀ ojú omi? Ẹja á mọ̀ pé irọ́ ni, á sá. Ṣùgbọ́n tí ọ̀pá bá gùn, tí okùn sì fúyẹ́, ẹ lè gbé gbogbo okùn dúró lókè, kó jẹ́ pé kòkòrò yẹn nìkan àti òpin okùn tín-ín-rín ló kan omi. Á máa lọ bí omi ṣe ń gbé e. Láìlo ríìlì, ẹ lè dé ibi tó tó mítà 6 tàbí 7 síwájú yín, èyí sì tó fún púpọ̀ nínú odò kéékèèké orí òkè.

Ẹ má rò pé eré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ o. Àwọn apẹja abúlé orí òkè ní Japan ló ń lò ó, àwọn tó ń pa ẹja iwana, yamame àti amago, tí gbogbo wọn jẹ́ ìbátan trout, tí wọ́n sì ń tà wọ́n fún àwọn ilé àlejò. Ọparun ni ọ̀pá wọn, irun ìrù ẹṣin tí wọ́n lọ́ pọ̀ sì ni okùn. Lọ́dún 2009, Daniel Galhardo, ọmọ bíbí Brazil tó ń gbé l'Amẹ́ríkà, dá ilé iṣẹ́ Tenkara USA sílẹ̀, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ náà. Yvon Chouinard tó dá ilé iṣẹ́ aṣọ Patagonia sílẹ̀ náà gbé e lárugẹ. Òun àti àwọn méjì míì kọ ìwé Simple Fly Fishing nípa rẹ̀ lọ́dún 2014.

Ṣé gbogbo èèyàn ló wá yẹ kó rà á? Rárá. Bí ó bá jẹ́ adágún ńlá tí atẹ́gùn ń fẹ́ lórí rẹ̀ lẹ fẹ́ lọ, tàbí odò gbẹ̀rẹ̀ tí ẹja ńlá wà nínú rẹ̀, tenkara á já yín kulẹ̀. Kò sí okùn tí ẹ lè tú sílẹ̀ fún ẹja tó bá fẹ́ sá lọ. Ẹ̀yin lẹ máa tẹ̀ lé e, ẹ̀yin àti ẹsẹ̀ yín, lórí òkúta tó ń yọ̀. Fún irú ibẹ̀, ọ̀pá onírìílì tí wọ́n gé sí ọ̀nà 6 tàbí 7 ló dára jù. Òun náà ń wọ àpò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ríìlì àti okùn á fi kún ẹrù. Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá ń lọ odò tóóró, tó sì ń sùn lórí òkè, tenkara ni kó mú.

Àwọn tó bá rà á, bí wọ́n ṣe ń ṣí i ló máa ń fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ so okùn mọ́ okùn rírọ̀ kékeré tó wà ní ṣóńṣó rẹ̀, kí ẹ tó fa ọ̀pá náà gùn. Ibi tó tín-ín-rín jù lẹ máa kọ́kọ́ fà, lẹ́yìn náà èyí tó tẹ̀ lé e, títí dé ìdí. Bí ẹ bá fẹ́ tì í padà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí. Ẹ má jù ú yọ fìrì bíi pàṣán. Bí ìwọ̀ bá há sára igi, ẹ má fi ọ̀pá fà á. Ẹ ti ọ̀pá padà, kí ẹ di okùn mú, kí ẹ fi ọwọ́ fà á. Òpin okùn tín-ín-rín yẹn sì gbọ́dọ̀ rọ̀ ju ọ̀pá lọ, kó jẹ́ pé òun ló máa já. Okùn kò wọ́n, ọ̀pá ló wọ́n. Bí ẹ bá délé, ẹ ṣí ìdérí ìdí rẹ̀, kí ẹ ṣan yanrìn kúrò, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ, torí yanrìn ló ń jẹ́ kó há.

Fún àwọn èèyàn wa tó wà l'Amẹ́ríkà, ẹ gba ìwé àṣẹ ìpẹja kí ẹ tó jáde. Òfin ìpínlẹ̀ kan yàtọ̀ sí ti èkejì. Ní ọgbà Yellowstone, ìwé àṣẹ ti ọgbà náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń béèrè; ti ìpínlẹ̀ Wyoming tàbí Montana ò ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ìwọ̀ tí kò ní ẹ̀gún lẹ́nu ni wọ́n gbà láàyè, wọn ò sì gba òjé. Ẹja cutthroat tó jẹ́ ti ibẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, ẹ gbọ́dọ̀ dá a padà sómi láàyè. Ẹ fi omi tútù pa ọwọ́ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án, ẹ má sì bá a jà pẹ́. Tí omi bá ti ń sún mọ́ 20 dígírì Celsius, ẹ dáwọ́ dúró, torí ẹja tó ti rẹ̀ nínú omi gbígbóná lè kú lẹ́yìn tí ẹ bá ti dá a sílẹ̀, kódà bó ṣe wẹ̀ lọ lójú yín.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí àwọn tó ń tà á kì í sábà pariwo rẹ̀. Kábọ̀n ń gbé iná mọ̀nàmọ́ná kọjá. Ọ̀pá mítà mẹ́rin lọ́wọ́ èèyàn lórí òkè gbalasa, nígbà tí àrá ń sán, ikú ni. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ òyìnbó, ọ̀sán ni ìjì sábà máa ń jà lórí àwọn òkè Rocky, nítorí náà òwúrọ̀ kùtù ni kí ẹ pẹja. Tí ẹ bá gbọ́ àrá, bó tilẹ̀ jẹ́ lókèèrè, ẹ ti ọ̀pá padà kíá, ẹ kúrò létí omi, kí ẹ sì sọ̀ kalẹ̀. Bákan náà ni wáyà iná tó bá gba orí odò kọjá: ẹ wo òkè kí ẹ tó fa ọ̀pá gùn.