Ilẹ̀ Òkè, Àjà Ìsàlẹ̀

Bí ayálégbé bá fẹ́ yan ohun tí yóò tẹ́ sílẹ̀ yàrá lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ní Òsí tàbí ní Ìlọ́fà, ẹwà àti owó ló sábà máa ń kọ́kọ́ wò. Ìtàn ilé kíkọ́ ní agbègbè Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ ní Ìpínlẹ̀ Kwara, níbi tí ìlú méjèèjì wà, fi hàn pé ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ ló yẹ kó ṣáájú nínú ìrònú yẹn. Láyé àtijọ́, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni gbogbo agbo ilé ń gbé. Àwọn obìnrin ló ń ṣe ilẹ̀ yàrá: wọ́n á da iyẹ̀pẹ̀ tútù sí i, wọ́n á fi pákó pẹlẹbẹ lù ú títí yóò fi le, wọ́n á sì fi ìgbẹ́ màlúù tí wọ́n pò mọ́ oje ewé ra á, kó lè dán, kí eruku má sì sọ. Lókè orí wọn ni àjà wà, igi títò tí wọ́n fi amọ̀ bò. Ó ń dín ooru kù, bí òrùlé koríko bá sì gbiná, kì í jẹ́ kí iná já lu ẹrù inú yàrá. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ ni àjà ń ṣiṣẹ́ fún. Kò sẹ́ni tó ń gbé orí rẹ̀. Kì í ṣe pé ọgbọ́n iṣẹ́ igi wọ́n wọn ni wọn kò fi ṣe ilẹ̀ òkè tí ènìyàn lè gbé. Òsí ni ìlú Aréògún, àgbà agbẹ́gilére tó kú ní 1954. Ara ilẹ̀kùn àti òpó ni àwọn agbẹ́gilére ti lo ọgbọ́n náà, nítorí ibẹ̀ ni ojú ń wò.

Ilé alájà tí ènìyàn ń gbé orí rẹ̀ dé lẹ́yìn náà. Wọ́n parí ilé àwọn ajíhìnrere CMS ní Àgbádárìgì ní 1845. Àwọn Sàró àti Àgùdà, ìyẹn àwọn tó padà wálé láti Sierra Leone àti Brazil, kọ́ irú rẹ̀ ní Èkó, owó kòkó sì gbé e wọ àwọn ìlú òkè. Pákó ni ilẹ̀ òkè ọ̀pọ̀ nínú wọn. Nígbà tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì Nkalagu bẹ̀rẹ̀ ní 1957, tí ti Ewékorò tẹ̀ lé e ní 1960, dẹ́kìn wá di ohun tí apá púpọ̀ ká. Ṣùgbọ́n ìdílé kan náà ló sábà ń gbé òkè àti ìsàlẹ̀ nígbà yẹn. Bí ariwo bá pọ̀ jù, àgbà ilé á bá ọmọ wí. Ilé àyágbé ló gbé àlejò lé àlejò lórí, láìsí àgbà kan láàárín wọn. Ilẹ̀ iyán sì ni ilẹ̀ Èkìtì. Ẹ̀yìnkùlé ni odó ń gbé tẹ́lẹ̀, iyẹ̀pẹ̀ ló sì ń gba ìró rẹ̀ mì. Bí a bá gbé odó kan náà sórí táìsì tó wà lórí dẹ́kìn, gbogbo ìró ọmọ odó ló ń sọ̀ kalẹ̀ sórí ẹni ìsàlẹ̀.

Onílé á ní táìsì ló ń tọ́jọ́, pé ẹ̀ẹ̀kan lòun ń náwó. Òótọ́ ni, ó sì yẹ fún ìsàlẹ̀, ilé ìwẹ̀ àti ilé ìdáná. Àmọ́ kò lè dá ìró dúró. Sìmẹ́ńtì oníyanrìn tí wọ́n ń tẹ́ sábẹ́ rẹ̀, bó bá nípọn tó ínǹṣì méjì, wúwo tó nǹkan bí kìlógíráàmù 100 lórí mítà kan níbùú lóòró. Ẹrù ńlá nìyẹn fún dẹ́kìn tó ti gbó. Omi sì ń gba ojú ìsopọ̀ táìsì kọjá bí wọn kò bá ti fi ohun tí kì í jẹ́ kí omi wọlé sábẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíì á ní kápẹ́ẹ̀tì onírun ń kó eruku jọ lásìkò ọyẹ́. Òun náà jàre, pàápàá níbi tí ẹni tí kì í mí dáadáa bá wà. Nítorí náà ni kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà tó nípọn, tí fóòmù wà lábẹ́ rẹ̀, fi dára jù fún pálọ̀ àti yàrá: ó fúyẹ́, ó ṣeé nù, ó ń dín ìró ẹsẹ̀ kù. Ayálégbé tó ní òun kò lè tún ilé onílé ṣe lè ká a, kó sì kó o lọ nígbà tó bá ń kó jáde.

Kò sí ohun títẹ́ kankan tó lè gba ìró odó tán. Ẹ̀yin onílé, ẹ fi àyè odó sílẹ̀ fáwọn ayálégbé yín ní ẹ̀yìnkùlé, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé ìsàlẹ̀ ni wọn yóò ti máa gúnyán.