Ẹ̀bi, Ìtìjú àti Ìdáríjì nínú Ọ̀ràn Ọ̀mùtí

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ ṣe àgbéyẹ̀wò ọ̀nà tí àwọn Yorùbá ti gbà ń bá ọ̀mùtí lò, kí a sì bi ara wa léèrè bí ó ti kan agbo ilé ní àwọn ìlú Afijió bíi Fìdítì àti Ìlọrà. Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀. Ọ̀rọ̀ ìdájọ́ ni ẹ̀bi: ẹnì kan jàre, ẹnì kejì jẹ̀bi, ẹjọ́ sì parí. Ìtìjú kì í parí bẹ́ẹ̀. Ojú àwùjọ ni ó ti ń wá, ènìyàn fúnra rẹ̀ ni ó sì ń bà jẹ́, kì í ṣe ìwà kan ṣoṣo tí ó hù. Abájọ tí àwọn àgbà fi ní ikú yá ju ẹ̀sín. Èdè wa ti ya méjèèjì nípá tipẹ́. Àwa tí a ń kọ̀wé ni a máa ń pò wọ́n pọ̀.

Ìtàn tí ó ṣe kókó jù ni ti Ọbàtálá. Gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn ìtàn ìṣẹ̀dá ti wí, Olódùmarè fi iṣẹ́ dídá ilẹ̀ ayé lé e lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ó mu ẹmu yó lójú ọ̀nà, ó sùn lọ, Odùduwà sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Ìtàn mìíràn ní nígbà tí ọtí ń pa á ni ó mọ arọ, abuké àti àfín. Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni ó yẹ kí a tẹnu mọ́. A kò lé Ọbàtálá kúrò láàrin àwọn òrìṣà. Òun ṣì ni ó ń mọ ọmọ nínú ìyá. Ẹmu ni ó di èèwọ̀ fún òun àti àwọn olùsìn rẹ̀, àwọn tí ó mọ bẹ́ẹ̀ sì di ẹni òrìṣà tí a kò gbọdọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó jẹ̀bi, ó sì ṣe àtúnṣe. Ìtìjú kò di orúkọ rẹ̀.

Nígbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀nà mìíràn ni a gbà. Àdéhùn St Germain-en-Laye ti 1919 fòfin de ọtí líle olówó pọ́ọ́kú tí àwọn oníṣòwò ń kó wọlé. Nígbà tí ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ ní nǹkan bí 1931, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹmu pọn ògógóró, ìjọba sì ń torí rẹ̀ sọni sẹ́wọ̀n. Bí ọtí yìí ṣe di ohun kọ̀rọ̀ nìyẹn.

Àwọn ìjọ Aládùúrà, tí ìsọjí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ní Iléṣà ní 1930 fún lágbára, ni wọ́n tún mú èèwọ̀ padà, wọ́n sì fi ìjẹ́wọ́ kún un. Ní 1935, ní Akron ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ Alcoholics Anonymous bẹ̀rẹ̀; àwọn náà ń jẹ́wọ́ fún ẹlòmíràn, wọ́n sì ń tọ ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ lọ láti ṣe àtúnṣe. Ìwádìí tí Randles àti Tracy gbé jáde ní 2013, lórí àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáwọ́ nínú ọtí ní Kánádà, fi hàn pé àwọn tí àmì ìtìjú hàn lára wọn jù ni ó tún padà sídìí ọtí jù. Kò yẹ kí èyí ya ọmọ Yorùbá lẹ́nu.

Síbẹ̀, ìbéèrè kan kù tí kò jẹ́ kí ọkàn wa balẹ̀. Ìtàn Ọbàtálá kò sọ pé ẹnikẹ́ni bi àwọn ẹni òrìṣà bóyá wọ́n dárí jì í. Bí ọ̀mùtí bá dọ̀bálẹ̀ ní agbo ilé, yálà ní Ìlọrà tàbí ní Fìdítì, àwọn àgbà ni yóò bẹ̀, àwọn ni yóò sì gba ẹ̀bẹ̀. Ìyàwó tí ọkọ ti fi owó ọjà rẹ̀ mutí tán, òun ni a óò kàn sọ fún pé ọ̀rọ̀ ti parí.