Ìsédò Ọ̀yán àti Àwa Ará Ìsàlẹ̀ Odò

Odò kì í kún bo ẹja lójú. Ṣùgbọ́n àwa kì í ṣe ẹja. Ní ọdún 1983 ni Ààrẹ Shehu Shagari ṣí ìsédò Ọ̀yán. Pàtàkì iṣẹ́ rẹ̀ ni kí omi ẹ̀rọ dé Èkó àti Abẹ́òkúta; nítorí náà ó ń fẹ́ kún. Bí òjò bá pọ̀ jù, wọn a tú omi sílẹ̀, Odò Ògùn a sì gbé e wá sí ìsàlẹ̀, sí ìhà Ìfọ̀, Mowé àti Ìbàfò. Ìsédò tí ń dènà omíyalé yàtọ̀: òfìfo ni í dúró de àgbàrá, yóò gbà á, yóò sì máa tú u díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ìkòkò tí ó ti kún kò lè gbe òjò. Èyí tí ó ṣófo ni a ń fẹ́.