Ta ni òfin ń pè ní òṣìṣẹ́?

Ní Àjàṣẹ́, kí alùpùpù tó di ọkọ̀ èrò, kẹ̀kẹ́ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà. Taxi-kannan ni wọ́n ń pè é: ọ̀dọ́mọkùnrin kan á gbé ìyálọ́jà àti ẹrù rẹ̀ sẹ́yìn, á sì máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dé ọjà. Ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí ìjọba kò gba òṣìṣẹ́ mọ́, àwọn tí ó ní ìwé ẹ̀rí pàápàá bọ́ sórí alùpùpù, zémíjàn sì gbilẹ̀. Ìtumọ̀ orúkọ yìí ní èdè Fọ̀n kò jìnnà sí "gbé mi kíákíá", ó tilẹ̀ ní ipá díẹ̀ nínú.

Kí a tó bi òfin léèrè nípa wọn, ẹ jẹ́ kí a padà sẹ́yìn. Ní ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ọdún 1952, àwọn òṣìṣẹ́ káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Faransé ń ṣàkóso da iṣẹ́ sílẹ̀, kí àwọn aṣòfin ní Paris lè fọwọ́ sí òfin iṣẹ́ tí ó ti ń falẹ̀. Òfin náà jáde ní ọjọ́ 15 oṣù kejìlá, ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn tí a fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe. Abala rẹ̀ kìíní sọ pé òṣìṣẹ́ ni ẹnikẹ́ni tí ó gbà láti ṣiṣẹ́ fún owó lábẹ́ ìdarí àti àṣẹ ẹlòmíràn. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti ọdún 1998 gba ìtumọ̀ yìí wọlé.

Ìdarí àti àṣẹ: ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn ti tì mọ́ onízémíjàn. A ní ọ̀gá ara rẹ̀ ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní alùpùpù tí wọ́n ń gùn. Travailler-payer ni orúkọ àdéhùn náà: olówó ra alùpùpù, awakọ̀ ń san iye kan lójoojúmọ́ tàbí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi di tirẹ̀. Bí òjò rọ̀, yóò san. Bí ó ṣubú tí apá rẹ̀ kán, gbèsè kò dúró dè é. Àwọn baba wa mọ ìwọ̀fà, a kò sì ní yìn ín níhìn-ín. Ṣùgbọ́n wọn kò pe ìwọ̀fà ní ọ̀gá ara rẹ̀ rí.

Ní ọdún 2018, Gozem bẹ̀rẹ̀ ní Lomé. Ó dé Kútọnu ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Lórí irú ètò báyìí, fóònù ni ó ń pín èrò, òun ni ó ń sọ iye owó, èrò sì ń fún awakọ̀ ní máàkì. Bí èyí kì í bá ṣe ìdarí, kí ni a ó pè é?

Paris tí ìtumọ̀ náà ti wá ti dáhùn fún ara rẹ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù kẹta ọdún 2020, Cour de cassation sọ pé awakọ̀ Uber kan wà lábẹ́ àṣẹ ilé-iṣẹ́ náà, nítorí kì í ṣe òun ni ó ń yan iye owó, bẹ́ẹ̀ ni kò ní oníbàárà tirẹ̀.

Lóòótọ́, ètò ARCH ti ìjọba wa ní ìwòsàn àti owó ìfẹ̀yìntì nínú fún àwọn tí kì í gba owó oṣù. Ṣùgbọ́n fún olówó-oṣù, agbanisíṣẹ́ ń san ìpín tirẹ̀ sí CNSS. Ta ni ń san ìpín yẹn fún awakọ̀? Ìtumọ̀ ọdún 1952 ṣì wà nínú òfin wa. Awakọ̀ tí ó bá gbé e lọ síwájú adájọ́ ní Kútọnu ní ohun tí yóò tọ́ka sí.