Orúkọ Macaulay: Láti Erékùṣù Lewis dé Ẹ̀bá Mákòko

Ẹni tí ó bá kúrò ní etí ọ̀sà ní Mákòko, tí ó gba ọ̀nà Adékúnlé wọ Yábàá, kò ní í rìn jìnnà kí ó tó já sí títì ńlá tí orúkọ Herbert Macaulay wà lára pátákó rẹ̀. Awakọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn obìnrin Ègùn tí wọ́n ru ẹja yíyan ń dá títì náà kọjá lójoojúmọ́. Orúkọ náà ti di ti Èkó lẹ́nu gbogbo wọn. Bẹ́ẹ̀ ni Èkó kọ́ ni ó ti ṣẹ̀. Kì í tilẹ̀ ṣe orúkọ Gẹ̀ẹ́sì pọ́ńbélé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara orúkọ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ń kà á mọ́.

Ilẹ̀ Scotland ni ó ti wá. Ní èdè àwọn ará òkè ilẹ̀ náà, ọmọkùnrin ni "Mac" túmọ̀ sí. Amhlaoibh ni ìyókù orúkọ náà, èyí tí í ṣe bí ahọ́n wọn ti ń pe Olaf, orúkọ àwọn ará Norway. Àwọn ará Norway wọ̀nyí jẹ́ atukọ̀ ojú òkun, tí wọ́n gbógun lọ sí àwọn erékùṣù ìwọ̀-oòrùn Scotland ní ohun tí ó lé ní 1,000 ọdún sẹ́yìn, tí wọ́n fẹ́yàwó, tí wọ́n sì bímọ síbẹ̀. Erékùṣù Lewis ni ìdílé Macaulay kan tẹ̀dó sí. Orúkọ tí Èkó ń pè ní orúkọ òyìnbó, àlejò ni lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó tí ń jẹ́ ẹ. Omi ni ó gbé e débẹ̀, omi náà ni yóò sì gbé e kúrò.

Nínú ìran àwọn Macaulay ti Lewis ni wọ́n bí Zachary Macaulay ní Inveraray ní 1768. Àlùfáà ìjọ ni bàbá rẹ̀. Ọ̀dọ́mọdé ni Zachary nígbà tí ó lọ ṣiṣẹ́ ní oko ìrèké ní Jamaica, níbi tí ó ti fojú ara rẹ̀ rí ìyà tí ń jẹ àwọn ẹrú. Ó ṣe gómìnà ní Sàró láàárín 1794 sí 1799, lẹ́yìn náà ni ó padà sílé lọ bá àwọn tí ń jà kí òwò ẹrú dópin ṣiṣẹ́. Thomas Babington Macaulay, tí a bí ní 1800, tí ó di òpìtàn olókìkí, ni ọmọ rẹ̀.

Ní 1807 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de òwò ẹrú. Àwọn ọkọ̀ ogun wọn ń gba ẹrú sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì ń kó wọn lọ sí Freetown. Àkókò náà ni Ọ̀yọ́ Ilé ń tú, tí ogun sì ń jà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó sì bá ara wọn ní Sàró. Níbẹ̀ ni wọ́n ti fún wọn ní orúkọ tuntun: orúkọ gómìnà, orúkọ àlùfáà, orúkọ ẹni tí ó fi owó ran ìjọ lọ́wọ́. Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, tí wọ́n sì gbà sílẹ̀ ní 1822, di Samuel Crowther nígbà tí ó ṣe ìrìbọmi ní 1825. Orúkọ àlùfáà kan ní London ni. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, ẹni tí ń ta ohun èlò orin olókùn ni wọ́n ń pè ní crowther. Bí ó bá di dandan kí a fi Yorùbá pe bíṣọ́ọ̀bù wa àkọ́kọ́, Àjàyí Onígòjé ni à bá máa pè é!

Ní abúlé Kissy lẹ́bàá Freetown ni wọ́n ti bí ọmọkùnrin kan fún Òjò, ará Ìkìrun, ní 1826. Thomas Babington Macaulay ni wọ́n sọ ọmọ náà, orúkọ ọmọ Zachary gẹ́lẹ́, láìyọ ọ̀kan kúrò. Ẹni tí ó ni orúkọ wà láàyè ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, ọjọ́ orí rẹ̀ kò sì ju ọdún 25 lọ.

Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Orúkọ àmútọ̀runwá ni Òjò, bẹ́ẹ̀ náà ni Àjàyí. Ọmọ ni ó mú un bọ̀ láti ọ̀run. Bàbá kò yàn án, ìyá kò yàn án. Yorùbá ìgbà náà kò ní orúkọ tí bàbá ń gbé fún ọmọ, tí ọmọ ń gbé fún ọmọ-ọmọ. Agboolé àti oríkì orílẹ̀ ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, tí àwọn obìnrin ilé sì ń kì í sí ọmọ létí ní òwúrọ̀. Nígbà tí ogun tú agboolé ká, ta ni yóò kì í? Àwọn kan a máa sọ pé àwọn Sàró fi orúkọ baba wọn tọrẹ. Ọ̀rọ̀ náà le jù. Ẹni tí kò ní agboolé mọ́ nílò ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ yóò fi mọ ara wọn, ohun tí ó sì wà nítòsí ni wọ́n mú. Àwọn tí ó yẹ kí a bi léèrè ni àwọn tí ń kọ orúkọ sínú ìwé, tí wọn kò kọ Òjò mọ́ ọn.

Láti nǹkan bí 1839 ni àwọn Sàró ti ń padà wálé, sí Àgbádárìgì, sí Abẹ́òkúta, sí Èkó. Àgbádárìgì jẹ́ ilẹ̀ àwọn Ègùn, nítorí náà etí Ègùn wà lára etí tí ó kọ́kọ́ gbọ́ àwọn orúkọ wọ̀nyí ní etíkun wa. Ọmọ Òjò fẹ́ Abigail, ọmọ Crowther, ní 1854. Ní 1859 ni ó dá ilé-ìwé gíga CMS Grammar School sílẹ̀ ní Èkó, ilé-ìwé girama àkọ́kọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí. Ó kú ní 1878. Herbert, ọmọ rẹ̀, ni wọ́n bí ní 1864, ọdún kan náà tí bàbá àgbà rẹ̀ di bíṣọ́ọ̀bù.

Nígbà tí Herbert dàgbà, àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó ti ń bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀. David Brown Vincent di Mojọlá Agbébí ní 1894. Jacob Samuel di Adégbóyèga Ẹdún. Herbert kò yí tirẹ̀ padà, kò sì sí ẹni tí ó bá ìjọba òyìnbó jà tó o ní Èkó. Ní 1920 ó tẹ̀lé Olóyè Olúwa lọ sí London lórí ọ̀ràn ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà, ìdájọ́ 1921 sì fi hàn pé ilẹ̀ náà ní onílẹ̀, kì í ṣe ti ìjọba lásán. Ó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923, ó di ààrẹ NCNC ní 1944, ó sì kú ní 1946. Àwọn ará Èkó ti fún un ní orúkọ mìíràn tí kò sí nínú ìwé ìrìbọmi kankan: Ejò-ń-gboro.

Ní Mákòko, lórí òpó igi lójú omi, ọmọ Ègùn ń jẹ́ Sènámì, ó ń jẹ́ Mautin, ó sì ń fi orúkọ bàbá àgbà rẹ̀ ṣe orúkọ ìdílé ní ilé-ìwé. Àwọn baba wọn gba ọ̀sà dé láti Àgbádárìgì àti láti ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ní oṣù Keje 2012 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó wó ọ̀pọ̀ ilé wọn, ẹjọ́ ẹni tí ó ni ibùgbé sì tún bẹ̀rẹ̀, nítòsí títì tí ó ń jẹ́ orúkọ agbẹnusọ onílẹ̀ ti 1920 gan-an. Herbert Macaulay ni wọ́n kọ sára pátákó títì náà. Wọn kò kọ Òjò ará Ìkìrun síbẹ̀.