Kì í Ṣe Líle ni Eré: Ìtàn Sípíríǹgì Rírọ̀

Èyí ni àkọsílẹ̀ ètò ọ̀sẹ̀ yìí, fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn kíkà ju gbígbọ́ lọ. Ẹ jókòó dáadáa, nítorí ọ̀rọ̀ ìjókòó gan-an la fẹ́ sọ: ìjókòó inú ọkọ̀.

Ní ọdún tó kọjá, mo ra ọkọ̀ àlòkù kan níbí ní London. Mazda MX-5 ọdún 1995 ni, ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì kékeré tí kò gbà ju ènìyàn méjì lọ, tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ká sẹ́yìn. Ẹni tó tà á fún mi ní òun ti tún un ṣe. Ó ti fi sípíríǹgì kúkúrú tó le koránkorán sí i kí ọkọ̀ náà lè sún mọ́lẹ̀. Ó ti yọ ríìmù ínṣì 14, ó fi ti ínṣì 17 rọ́pò rẹ̀, pẹ̀lú táyà pẹlẹbẹ tó dà bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀dà kun etí ríìmù. Ó rẹwà lójú, n kò ní purọ́.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fi gbé màmá mi ni mo mọ ohun tí mo rà. A kò tíì rìn dé ìdajì ọ̀nà tí wọ́n fi di ẹ̀yìn mú. Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ọkọ̀ nìyí àbí odó? Ṣé iyán ni mí ni?" Bọ́ọ̀sì ni wọ́n wọ̀ padà sílé.

Mo rò pé ìyà ara ni owó tí ènìyàn ń san kí ọkọ̀ tó lè gbọ́ràn lọ́nà. Àfi ìgbà tó di alẹ́ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀. Mo wà nínú kọ́nà, n kò sáré, ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan bá wọ kòtò kékeré kan. Ìdí ọkọ̀ fò, ó yọ̀, mo sì bá ara mi ní apá ibi tí àwọn tó ń bọ̀ ń gbà. Ọlọ́run ṣe é, ẹnikẹ́ni kò bọ̀. Mo páàkì, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ìbéèrè tó wà lọ́kàn mi ni pé: bí líle bá jẹ́ ti eré, kí ló dé tí ọkọ̀ líle yìí kò lè di ilẹ̀ mú? Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dé inú ìtàn tí mo fẹ́ sọ fún yín.

Ìgbà tí gbogbo ayé gbà pé líle ni eré

Ní nǹkan bí ọdún 1920 sí 1935, bí ẹ bá rí ọkọ̀ sípọ́ọ̀tì, ẹ ti rí ọkọ̀ tó ń gbá ènìyàn nídìí. Ewé irin tí wọ́n tò léra wọn ni sípíríǹgì rẹ̀, ó sì le gan-an. Ṣáásì rẹ̀ dà bí àkàbà: irin gígùn méjì, àwọn irin kéékèèké tó dábùú rẹ̀. Àkàbà yẹn kò lágbára tó. Bí ọkọ̀ bá wọ kọ́nà, ṣáásì á lọ́ bí ìgbà tí ènìyàn ń fún aṣọ. Ẹ ò rí nǹkan? Sípíríǹgì tó yẹ kó tẹ̀ kò tẹ̀, ṣáásì tí kò yẹ kó tẹ̀ ló ń tẹ̀.

Kí la fẹ́ kí sípíríǹgì ṣe gan-an? Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kí táyà máa wà lórí ilẹ̀. Bí táyà bá gun òkìtì kékeré, sípíríǹgì rírọ̀ á gbà á mọ́ra, táyà á gòkè, á sọ̀ kalẹ̀, ara ọkọ̀ kò ní mọ̀ púpọ̀. Bí sípíríǹgì bá le jù, gbogbo ọkọ̀ ni yóò fò pẹ̀lú táyà. Táyà tó wà lófuurufú kò lè yí kọ́nà, kò sì lè dúró bí ẹ bá tẹ bíréèkì. Ṣọ́ọ̀kù ní tirẹ̀, òróró inú rẹ̀ ló ń tu sípíríǹgì lójú kó má baà máa jó lẹ́yìn tí òkìtì ti kọjá. Nítorí náà, ohun tó ń ro ẹ̀yìn màmá mi àti ohun tó fẹ́ pa mí lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ọ̀kan náà ni.

Ọkùnrin tó fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ náà

Ní 1935, Mercedes-Benz ló jẹ ọba lórí pápá ìdíje ọkọ̀ ní Yúróòpù. Ní 1936, nǹkan dàrú fún wọn. Auto Union, tí wọ́n jọ jẹ́ ará Jámánì, ń nà wọ́n káàkiri, débi pé Mercedes fi ìdíje sílẹ̀ kí sáà yẹn tó parí.

Wọ́n wá fi ọ̀dọ́mọkùnrin ẹnjiníà kan ṣe olórí iṣẹ́ náà. Rudolf Uhlenhaut lorúkọ rẹ̀. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, London níbí ni wọ́n sì bí i sí ní 1906. Kì í ṣe awakọ̀ ìdíje. Ṣùgbọ́n kò jókòó sí ọ́fíìsì kó máa bi àwọn awakọ̀ léèrè ohun tó ń ṣe ọkọ̀. Ó gbé ọkọ̀ ìdíje náà lọ sí Nürburgring, pápá tó ju kìlómítà 22 lọ, tó kún fún kọ́nà àti òkè, ó sì fúnra rẹ̀ ń wà á yípo, ó ń fi ara gbọ́ ohun tí ọkọ̀ ń sọ.

Ohun tó rí ni pé sípíríǹgì ọkọ̀ náà le jù, kò sì ní àyè tó láti tẹ̀. Ṣáásì ní tirẹ̀ rọ̀ jù. Ó wá dojú gbogbo rẹ̀ dé. Ọkọ̀ tuntun tí wọ́n gbé jáde ní 1937, tí wọ́n ń pè ní W125, ní ṣáásì tó le gan-an, sípíríǹgì rẹ̀ sì rọ̀, ó ní àyè láti lọ sókè sódò. Lọ́dún yẹn, Rudolf Caracciola fi ọkọ̀ náà gba ipò akọni Yúróòpù. Ọkọ̀ tí wọ́n mú rọ̀ ni ọkọ̀ tó sáré jù.

Ní Amẹ́ríkà, ẹnjiníà mìíràn ti ń rin ọ̀nà yìí látìgbẹ̀yìn, àmọ́ ti ìrọ̀rùn ni tirẹ̀. Maurice Olley, ọmọ ilẹ̀ Bìrìtìkó tó ti ṣiṣẹ́ fún Rolls-Royce rí, dara pọ̀ mọ́ Cadillac ní 1930. Òun àtàwọn ènìyàn rẹ̀ kan ọkọ̀ kan tí wọ́n lè máa sún òṣùwọ̀n ìwúwo síwá sẹ́yìn lórí rẹ̀, wọ́n sì ń jókòó sínú rẹ̀ wò ó. Wọ́n rí i pé ara máa ń balẹ̀ bí sípíríǹgì iwájú bá rọ̀ ju ti ẹ̀yìn lọ. Ìdí rẹ̀ ni pé ẹsẹ̀ iwájú ló ń kọ́kọ́ pàdé òkìtì. Bí ti ẹ̀yìn bá yára díẹ̀ ju ti iwájú lọ, á lé e bá, ọkọ̀ á sì gòkè sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, dípò kó máa mi orí bí alángbá. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ẹni tó bá kàn ra sípíríǹgì líle tó rí lọ́jà, ìṣirò yìí ló ń bàjẹ́.

Ẹṣin iwájú ni tẹ̀yìn ń wò sáré

Ní 1962, Lotus, ilé iṣẹ́ Colin Chapman ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé Elan jáde. Ron Hickman, ọmọ South Africa, ni olórí iṣẹ́ náà. Irin kan ṣoṣo tó dà bí eegun ẹ̀yìn ni ṣáásì rẹ̀, ó le dáadáa. Fáíbà ni ara rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ kò tó 700 kìlógíráàmù. Nítorí pé ó fúyẹ́, sípíríǹgì rẹ̀ rọ̀ débi pé ó ń ya àwọn tó bá kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lẹ́nu. Títí dòní, àwọn ẹnjiníà ṣì ń fi Elan ṣe àpèjúwe ọkọ̀ tó ń gbọ́ràn.

Ẹnì kan tó ń kọ ìròyìn ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, Bob Hall, wà ní Hiroshima ní 1979. Ó sọ fún Kenichi Yamamoto ti Mazda pé irú ọkọ̀ kékeré àwọn òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì yẹn ló yẹ kí wọ́n ṣe. Ọ̀rọ̀ náà pẹ́ kó tó so èso. Ọkọ̀ àwòṣe àkọ́kọ́ tó ṣeé wà, Worthing ní gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti kàn án, wọ́n sì wà á kiri Santa Barbara ní 1985. Ní oṣù kejì ọdún 1989, wọ́n gbé MX-5 jáde ní Chicago.

Toshihiko Hirai ló darí iṣẹ́ náà. Ọ̀rọ̀ tó fi ṣe òpó ni *jinba ittai*, tó túmọ̀ sí pé ẹṣin àti ẹni tó gùn ún di ara kan. Ọkọ̀ náà kò tó tọ́ọ̀nù kan. Apá irin méjì ló di ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan mú, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, kí táyà lè dúró ṣinṣin lórí ilẹ̀. Táyà rẹ̀ kò fẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ga. Nígbà tó fi di 2016, wọ́n ti ṣe mílíọ̀nù kan.

Ọkọ̀ tí wọ́n fi ọgbọ́n yẹn ṣe lẹni tó tà á fún mi mú padà sí ayé ọdún 1935.

Bí mo ṣe dá a padà

Mo tẹ̀lé ètò Uhlenhaut: ṣáásì lákọ̀ọ́kọ́. Ọkọ̀ tí kò ní òrùlé, irin abẹ́ ilẹ̀kùn ló gbé e dúró, ibẹ̀ gan-an ni MX-5 ti máa ń dípẹtà nílẹ̀ òjò yìí. Nígbà tí wẹ́dà fi òòlù kan tèmi, pọ́tì ló ń já bọ́ síta. Ibẹ̀ ni owó mi ti pọ̀ jù, ojú ẹnikẹ́ni kò sì rí i.

Lẹ́yìn náà, mo yọ sípíríǹgì kúkúrú, mo fi irú èyí tó bá ọkọ̀ jáde láti ilé iṣẹ́ sí i, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kù tuntun. Ibẹ̀ ni mo ti rí àṣírí alẹ́ ọjọ́ yẹn. Rọ́bà bíi tìmùtìmù kan wà lára ṣọ́ọ̀kù tó yẹ kó gba ọkọ̀ bí ó bá tẹ̀ dé òpin. Nítorí pé ọkọ̀ ti sún mọ́lẹ̀ jù, orí rọ́bà yẹn ló ń jókòó ní gbogbo ìgbà, ó sì ti jẹrà. Kò sí àyè tó kù fún ẹsẹ̀ ọkọ̀ láti lọ.

Mo pààrọ̀ àwọn búṣì rọ́bà tó ti gbó. Ẹ gbọ́ èyí o: ẹ má jẹ́ kí mẹkáníìkì di bóòtù wọn pinpin nígbà tí ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣì ń rọ̀ nílẹ̀ lórí jáàkì. Kó sọ ọkọ̀ kalẹ̀ kó fẹsẹ̀ dúró ná, kó tó dì í, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, rọ́bà náà á lọ́, á sì tètè ya. Mo wá wá ríìmù ínṣì 14 àlòkù, mo ra táyà tuntun tó bá a mu, mo fi afẹ́fẹ́ 26 psi sí i bí Mazda ṣe wí. Àláínmẹ́ǹtì ló gbẹ̀yìn.

Bóyá ẹ ó máa retí ohun kan tó túbọ̀ dùn mọ́ etí. Kò sí. Ọkọ̀ mi kò rẹwà tó ti tẹ́lẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ó dà bí ọkọ̀ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n mo gbé e padà sí kọ́nà yẹn lọ́jọ́ òjò, ó kọjá lórí kòtò náà bí ẹni pé wọ́n ti dí i. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ kí Uhlenhaut tó dé Nürburgring: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Màmá mi tún wọ̀ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọn kò yìn ín. Wọ́n kàn sùn lọ ni, títí a fi délé.

Bí ẹ bá ní ọkọ̀ àlòkù tó ń fi yín ṣe iyán, ẹ kọ ìtàn rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Ó dìgbà kan ná.